Ta Ni Ó Ń San Owó Ibodè? Owó-Orí Ọjà Ìwọlé, Ìdínkù Ìnáwó Ìjọba àti Ipa Wọn Lórí Ọrọ̀ Ajé àti Olùdókoòwò

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kéde owó ibodè tuntun lórí ọjà tí ó ń wọ Amẹ́ríkà láti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè àgbáyé, ní àsìkò kan náà tí ìjọba rẹ̀ ń dá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì ń fagi lé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àgbàṣe àti owó ìrànwọ́. Lójú ẹni tí ó bá wò ó lérèfé, ìgbésẹ̀ méjèèjì kò bá ara wọn tan, nítorí pé ọ̀kan ń mú owó wọlé fún ìjọba, èkejì sì ń dí owó lọ́nà kí ó má baà jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ owó náà dé òpin yóò rí i pé ibì kan náà ni wọ́n ti ń mú un, ìyẹn nínú àpò àwọn ìdílé, àwọn oníṣòwò àti àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè tí ó gbé ìgbésẹ̀ náà gan-an. Kókó àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Kókó kejì kan olùdókoòwò, èyí tí í ṣe ẹni tí ó fi owó rẹ̀ sínú iṣẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ nítorí èrè ọjọ́ iwájú: olùdókoòwò lè fara da ẹrù tí ó wúwo bí ó bá mọ ìwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù tí ìwọ̀n rẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́ a máa lé e sá.

Owó ibodè ni owó-orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Kì í ṣe ohun àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé kí àwọn òyìnbó tó dé ni oníbodè ti ń jókòó sí ẹnu ibodè ìlú, tí ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn alájàpá tí ó ń ru ẹrù kọjá. Lóde òní, àwọn aṣọ́bodè, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí kọ́sítọ́ọ̀mù, ni ó ń gbà á ní èbúté, ní pápákọ̀ òfuurufú àti ní ẹnu ààlà orílẹ̀-èdè. Ìṣirò rẹ̀ kò le rárá: bí kọ̀ǹténà kan bá gbé ẹrù tí iye owó rẹ̀ jẹ́ 10,000 dọ́là wọlé, tí owó ibodè orí rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tí ó kó ẹrù náà wọlé yóò san 2,500 dọ́là fún ìjọba.

Ìsàlẹ̀ ìṣirò yìí ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Àwọn olóṣèlú a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orílẹ̀-èdè tí ọjà ti wá ni yóò san owó náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ẹrù ni àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ náà bá ti san án tán, ọ̀nà mẹ́ta ni ó kù fún un. Ó lè bu owó náà lé ọjà kí oníbàárà san án. Ó lè gbé e mì, kí èrè rẹ̀ sì dín kù. Ó sì lè rọ ẹni tí ó ń ta ọjà fún un ní òkèèrè pé kí ó bá òun mú owó wálẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, a máa pín in sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ibòmíràn tí oníbàárà ti lè rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ rà, ọrùn oníbàárà ni èyí tí ó pọ̀ jù yóò bọ́ sí.

Ọ̀ràn ẹ̀rọ ìfọṣọ fi èyí hàn kedere. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà gbé owó ibodè lé ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ó ń ti òkè òkun wọlé, láti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé, títí dé ìdá 50 fún èyí tí ó bá kọjá iye tí ìjọba là kalẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Aaron Flaaen, Ali Hortaçsu àti Felix Tintelnot, ṣe ìwádìí iye tí àwọn ilé ìtajà ń tà á, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rọ ìfọṣọ fi nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí, àti èyí tí ó ti òkèèrè wá àti èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, nítorí pé nígbà tí ọjà àjèjì ti wọ́n, kò sí ohun tí ó ní kí onílé má fi owó kún tirẹ̀. Ohun tí ó tilẹ̀ yani lẹ́nu jù ni pé ẹ̀rọ tí ń mú aṣọ gbẹ náà gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ ìjọba kò gbé owó ibodè kankan lé e. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà a máa ra ẹ̀rọ méjèèjì papọ̀, àwọn olùtajà sì pín àfikún owó náà sórí àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ tuntun jáde lóòótọ́, nítorí pé ilé iṣẹ́ Samsung ń ṣe ẹ̀rọ ní South Carolina, LG sì ń ṣe tirẹ̀ ní Tennessee. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ náà fi nǹkan bí 1.5 bílíọ̀nù dọ́là tí àwọn oníbàárà fi san àsanlé lọ́dún wé nǹkan bí 1,800 iṣẹ́ tí ó jáde, iye tí iṣẹ́ kan ṣoṣo ná àwọn oníbàárà lé ní 800,000 dọ́là.

Èyí kò sọ pé owó ibodè kò ní àǹfààní kankan. Fún apá tí ó pọ̀ jù nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, òun gan-an ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ń gbọ́ bùkátà, kí àtúnṣe òfin ọdún 1913 tó fún un ní àṣẹ láti máa gba owó-orí lórí owó tí ń wọlé fún ará ìlú. Bẹ́ẹ̀ náà ni orílẹ̀-èdè tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú jáde lè fi owó ibodè dáàbò bò ó títí yóò fi lè dá dúró, èyí tí ó jẹ́ àwíjàre ìjọba Nàìjíríà nígbà tí ó gbé owó gọbọi lé ìrẹsì òkèèrè ní ọdún 2013. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tí a dáàbò bò kì í fẹ́ kí a ṣí ààbò náà kúrò mọ́, àti pé níbi tí owó ibodè bá ti ga jù, fàyàwọ́ a máa la ọ̀nà mìíràn. Àwọn oníṣòwò Kútọnu àti Sẹmẹ̀ mọ èyí dájú, nítorí pé ìrẹsì tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté Bẹ̀nẹ̀ a máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ ọjà Nàìjíríà, títí tí ìjọba Nàìjíríà fi ti ẹnubodè ilẹ̀ pa láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 dé oṣù Kejìlá ọdún 2020.

Ìṣòro mìíràn ni pé ọjà tí ilé iṣẹ́ kan ń ṣe ni ilé iṣẹ́ mìíràn ń lò. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé irin òkèèrè ní ọdún 2018, inú àwọn tí ó ń yọ́ irin dùn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń fi irin ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, agolo àti ẹ̀rọ oko pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, àwọn wọ̀nyí sì ni irin wọ́n mọ́ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìgbẹ̀san ń tẹ̀lé e, nítorí pé orílẹ̀-èdè tí a gbé owó ibodè lé ọjà rẹ̀ kì í káwọ́ gbera. Ní oṣù Keje ọdún 2018, Ṣáínà gbé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé ẹ̀wà sóyà Amẹ́ríkà, ó sì yíjú sí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Brasil. Ẹ̀wà sóyà kún àká àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà, ìjọba sì ní láti ṣètò owó ìrànwọ́ tí ó tó 28 bílíọ̀nù dọ́là fún àwọn àgbẹ̀ láàárín ọdún méjì, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohun tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà ní ibodè ni ó ń fi ọwọ́ òsì pín nínú oko. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1930, Ààrẹ Herbert Hoover buwọ́ lu òfin owó ibodè tí aṣòfin Reed Smoot àti Willis Hawley gbé kalẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí ó lé ní 1,000 ti kọ̀wé bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kánádà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù gbẹ̀san, ìṣòwò láàárín orílẹ̀-èdè àgbáyé sì fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wálẹ̀ láàárín ọdún 1929 sí 1934. Òfin náà nìkan kọ́ ni ó fa ìdẹnukọlẹ̀ ọrọ̀ ajé ìgbà náà, nítorí pé báńkì tí ń wó àti ọ̀dá owó ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ìbá rí ọjà tà sí òkèèrè.

Nígbà tí ìkéde oṣù Kẹrin ọdún 2025 wáyé, ìtàn yìí wà lọ́kàn àwọn olùdókoòwò. Ìkéde náà gbé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì gbé iye tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ lé ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí i ìdá 14 fún Nàìjíríà àti ìdá 50 fún Lesotho, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní gúúsù Áfíríkà tí iṣẹ́ aṣọ rírán jẹ́ òpómúléró rẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì tí ó tẹ̀lé e, òǹkà S&P 500, tí ó ń fi bí ìpín ìdókoòwò nǹkan bí 500 ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ti ń lọ sókè sódò hàn, fi ohun tí ó lé ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Ìpín ìdókoòwò, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ṣíà, jẹ́ ẹ̀tọ́ sí díẹ̀ nínú èrè tí ilé iṣẹ́ kan yóò jẹ lọ́jọ́ iwájú, nítorí náà ohunkóhun tí ó bá mú kí èrè ọjọ́ iwájú ṣókùnkùn yóò mú kí iye rẹ̀ wálẹ̀ lónìí, kódà bí ilé iṣẹ́ náà kò bá tíì pàdánù kọ́bọ̀ kan.

Òkùnkùn yẹn gan-an ni ó yẹ kí a wò fínnífínní. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, àfikún owó ibodè lórí ọjà Ṣáínà jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún; ní oṣù Kẹta, ó di 20; nígbà tí yóò fi di ìdajì oṣù Kẹrin, ó ti di 145; ní oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn ìpàdé àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè méjèèjì ní ìlú Geneva, ó padà sí 30. Oníṣòwò tí ó ṣe àdéhùn ní oṣù Kejì láti kó nǹkan ìṣeré ọmọdé tí wọn yóò dì sínú ọkọ̀ ojú omi ní oṣù Karùn-ún kò lè sọ bóyá ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ni òun yóò san lórí ẹrù 10,000 dọ́là, tàbí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá àti ààbọ̀. Irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ kò ní gba òṣìṣẹ́ tuntun, kò ní ra ẹ̀rọ tuntun, kò sì ní kọ́ ilé ìkẹ́rùsí tuntun. Yóò káwọ́ lẹ́rán, yóò máa wòye. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé iṣẹ́ bá ń wòye lẹ́ẹ̀kan náà, ọrọ̀ ajé á falẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tíì san owó ibodè tuntun kan. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, nígbà tí Ààrẹ dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà dúró fún 90 ọjọ́, òǹkà S&P 500 fi nǹkan bí ìdá 9.5 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè ní ọjọ́ kan ṣoṣo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá 10 ti gbogbogbòò kò kúrò nílẹ̀.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà tí ó ba àwọn onímọ̀ lẹ́rù ju ìwálẹ̀ ṣíà lọ. Bí nǹkan bá dojú rú, àwọn olùdókoòwò a máa sá sínú ìwé ẹ̀yáwó ìjọba Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yáwó pẹ̀lú ìlérí pé òun yóò máa san èlé títí òun yóò fi dá ojú owó padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ńṣe ni wọ́n ń tà á. Bí iye tí ènìyàn ń ra ìwé ẹ̀yáwó bá wálẹ̀, èlé rẹ̀ ni ó ń gòkè, nítorí pé ẹni tí ó fi 90 dọ́là ra ìwé tí ń mú 4 dọ́là wá lọ́dún jèrè ju ẹni tí ó fi 100 dọ́là rà á lọ. Èlé ìwé ẹ̀yáwó ọlọ́dún mẹ́wàá gòkè láti nǹkan bí ìdá 4 sí nǹkan bí ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọjọ́ díẹ̀, dọ́là pàdánù agbára, wúrà tí ó ti kọjá 3,000 dọ́là fún ìwọ̀n áúnsì kan ní oṣù Kẹta sì túbọ̀ ń wọ́n sí i. Èlé yìí ni òṣùwọ̀n tí àwọn báńkì fi ń wọn owó tí wọ́n ń yá ènìyàn láti fi kọ́lé, nítorí náà ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjà owó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní ṣíà kankan.

Ìdínkù ìnáwó ìjọba ni apá kejì ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo owó tí ìjọba bá ná ni ó ń di owó tí ń wọlé fún ẹnìkan: owó oṣù fún olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì, owó iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe tí ń ṣe ọ̀nà, owó ìfẹ̀yìntì fún arúgbó, owó ìwádìí fún yunifásítì. Bí ìjọba bá dá òṣìṣẹ́ kan dúró, olóúnjẹ tí ń tà fún un, onílé rẹ̀, awakọ̀ tí ń gbé e àti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé ohun tó bá ojú ló bá imú. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń ṣírò bí dọ́là kan tí ìjọba kò ná ṣe ń di dọ́là kan àti díẹ̀ tí ọrọ̀ ajé pàdánù bí ó bá jẹ́ àsìkò tí iṣẹ́ wọ́n, tàbí tí kò tó dọ́là kan bí ó bá jẹ́ àsìkò tí ọrọ̀ ajé ń gbèrú, tí ẹni tí ó pàdánù iṣẹ́ lè rí òmíràn kíákíá.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2025 ni Ààrẹ Trump dá ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní DOGE sílẹ̀ láti gé ìnáwó ìjọba, Elon Musk sì ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn. Kí ìbò tó wáyé, Musk ti sọ pé ó ṣeé ṣe láti gé 2 tírílíọ̀nù dọ́là kúrò, ṣùgbọ́n ìṣirò kò gbè é lẹ́yìn. Ní ọdún ìṣúná 2024, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ná nǹkan bí 6.75 tírílíọ̀nù dọ́là, ó sì yá nǹkan bí 1.8 tírílíọ̀nù nínú rẹ̀. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìnáwó náà ni ó bá owó àwọn àgbàlagbà, ìtọ́jú ìlera àwọn arúgbó àti aláìní, ètò ààbò àti èlé orí gbèsè lọ, nígbà tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ológun kò tó ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá lé òṣìṣẹ́ títí, bí kò bá fọwọ́ kan àwọn apá ńlá wọ̀nyí, kò tíì gé nǹkan kan. Ní ọdún ìṣúná 2025, àpapọ̀ ìnáwó tilẹ̀ gòkè dé nǹkan bí 7 tírílíọ̀nù. Owó ibodè náà gòkè, láti nǹkan bí 77 bílíọ̀nù dọ́là ní ọdún ìṣúná 2024 sí nǹkan bí 195 bílíọ̀nù ní 2025, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìnáwó 7 tírílíọ̀nù, kò tó ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn tí ó gbè sẹ́yìn ìdínkù ìnáwó ní àwíjàre tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní bí ìjọba kò bá yáwó púpọ̀ mọ́, owó yóò pọ̀ ní ọwọ́ báńkì láti yá àwọn oníṣòwò, èlé yóò wálẹ̀, ilé iṣẹ́ aládàáni yóò sì gba àwọn tí ìjọba fi sílẹ̀. Kánádà ni àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù. Ní ọdún 1995, Paul Martin, tí í ṣe mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà, gé ìnáwó lọ́nà tí ó le, nígbà tí yóò sì fi di ọdún ìṣúná 1997 sí 1998, ìjọba Kánádà kò jẹ gbèsè tuntun mọ́, bẹ́ẹ̀ ọrọ̀ ajé kò dẹnukọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé Kánádà ró lásìkò náà ni pé èlé ń wálẹ̀, owó rẹ̀ kò lágbára púpọ̀ ní ọjà àgbáyé, Amẹ́ríkà tí í ṣe aládùúgbò rẹ̀ sì ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ràì lábẹ́ àdéhùn ìṣòwò tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1994. Ìjọba fa ọwọ́ sẹ́yìn, oníbàárà òkèèrè sì na ọwọ́ síwájú. Gíríìsì, tí kò ní owó tirẹ̀ tí ó lè dín agbára rẹ̀ kù, tí èlé sì ń jó o lára, gé ìnáwó láti ọdún 2010, ọrọ̀ ajé rẹ̀ sì súnkì ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Láti ibi yìí ni ewu pípa ìgbésẹ̀ méjèèjì pọ̀ ti hàn. Orílẹ̀-èdè tí ó ń gé ìnáwó nílò ọjà òkèèrè láti fi rọ́pò ohun tí ìjọba kò rà mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni owó ibodè àti ìgbẹ̀san tí ń tẹ̀lé e ń ti ilẹ̀kùn ọjà òkèèrè náà. Ó tún kó báńkì àpapọ̀ sí ìdààmú, nítorí pé owó ibodè ń mú ọjà wọ́n, èyí tí ó ń fẹ́ kí èlé ga, ìdínkù ìnáwó sì ń mú iṣẹ́ wọ́n, èyí tí ó ń fẹ́ kí èlé wálẹ̀. Báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Federal Reserve, fi èlé rẹ̀ sí ojú kan láàárín ìdá 4.25 sí 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 títí di oṣù Kẹsàn-án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ààrẹ ń pariwo pé kí ó mú un wálẹ̀.

Ìjì tí ó jà ní Amẹ́ríkà kò yọ Nàìjíríà sílẹ̀. Epo rọ̀bì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí Nàìjíríà ń tà fún Amẹ́ríkà, wọn kò sì gbé owó ibodè tuntun lé e, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù pé ọrọ̀ ajé àgbáyé yóò falẹ̀, pẹ̀lú epo tí ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ta epo, OPEC+, fi kún ọjà, mú kí iye àgbá epo kan já láti nǹkan bí 75 dọ́là sí ẹ̀bá 60 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé 75 dọ́là ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣètò ìṣúná ọdún 2025. Àwọn olùdókoòwò òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó wọn jáde, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà sì ta 197.71 mílíọ̀nù dọ́là sínú ọjà ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin kí náírà má baà já bọ́. Ní oṣù Kẹjọ, owó ibodè lórí ọjà Nàìjíríà di ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 29 oṣù náà, Amẹ́ríkà fòpin sí àǹfààní tí ó jẹ́ kí ẹrù tí iye rẹ̀ kò kọjá 800 dọ́là wọlé láìsan owó ibodè. Èyí kan aládìírẹ Abẹ́òkúta tí ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà ní Atlanta tàbí Houston tààrà: ẹrù kékeré tí kì í sanwó tẹ́lẹ̀ ti di èyí tí ó gbọ́dọ̀ sanwó, oníbàárà sì ni wọ́n sábà máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti ìdínkù ìnáwó, nígbà tí Amẹ́ríkà dá apá ńlá nínú owó ìrànwọ́ òkèèrè dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àwọn aṣòfin Nàìjíríà fi 300 bílíọ̀nù náírà kún ìṣúná ètò ìlera, kí ìtọ́jú kòkòrò HIV, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà má baà dúró.

Nàìjíríà pẹ̀lú ti rí ìdínkù ìnáwó tirẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, láàárín oṣù méjì sì ni jálá kan gòkè láti ohun tí kò tó 200 náírà sí nǹkan bí 617. Inú àwọn olùdókoòwò dùn, nítorí pé wọ́n gbà pé gbèsè ìjọba yóò dín kù, òǹkà ọjà ṣíà Nàìjíríà sì fi nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n gógó ọjà ń ga sí i, ó sì dé ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ìdùnnú ọjà ṣíà àti ìrora ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn lè wáyé ní ọdún kan náà, nítorí pé èrè ilé iṣẹ́ ni ọ̀kan ń wọ̀n, ohun tí owó oṣù lè rà ni èkejì ń wọ̀n.

Kí wá ni ohun tí olùdókoòwò, yálà olówó ńlá tàbí òṣìṣẹ́ tí ń dá owó ìfẹ̀yìntì, lè rí kọ́? Èkíní ni pé kí ó wo ibi tí ilé iṣẹ́ tí ó fi owó sí ti ń rí ọjà rà àti ibi tí ó ń tà á sí: èyí tí ó ń ra gbogbo nǹkan láti òkèèrè yóò fara gba owó ibodè, èyí tí ìjọba jẹ́ oníbàárà rẹ̀ kan ṣoṣo yóò fara gba ìdínkù ìnáwó, èyí tí ó ń tà sí òkèèrè yóò sì fara gba ìgbẹ̀san. Èkejì ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹni tí ó pín owó rẹ̀ sí ṣíà, ìwé ẹ̀yáwó, ilẹ̀ àti owó tí ó ṣeé mú lọ́wọ́ kíákíá kò ní já sí kòtò nítorí ìkéde ọjọ́ kan. Ẹ̀kẹta ni pé kí ó yẹra fún ìkánjú. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni òǹkà S&P 500 wálẹ̀ jù lọ ní ìparí òwò ní àsìkò rúgúdù náà; ẹni tí ẹ̀rù bà tí ó ta ṣíà rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó gòkè ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà, òǹkà náà ti ga ju ibi tí ó dé rí lọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé ọjà yóò máa padà bọ̀ sípò kíákíá nígbà gbogbo, nítorí pé lẹ́yìn ọdún 1929, ó gba nǹkan bí ọdún 25 kí ọjà ṣíà Amẹ́ríkà tó padà dé ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé owó tí ènìyàn nílò láti fi san owó ilé ìwé ọmọ lọ́dún tí ń bọ̀ kò yẹ kí ó wà nínú ṣíà, èyí tí ó sì wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó lè dúró de ìgbà.

Nítorí náà, nígbàkígbà tí ìjọba kan bá kéde owó ibodè tuntun tàbí ìdínkù ìnáwó, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí olùgbọ́ fi wọ̀n ọ́n. Ta ni yóò kọ́kọ́ san owó náà, ta sì ni yóò gbé e fún? Ṣé ọ̀nà mìíràn wà tí owó yóò gbà wọlé fún àwọn tí ìjọba dáwọ́ ìnáwó dúró lórí wọn? Ṣé òfin ni ó gbé ìgbésẹ̀ náà kalẹ̀ lọ́nà tí yóò fi pẹ́, àbí ìkéde tí ìkéde mìíràn lè yí padà ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni? Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ ni yóò fi hàn bí ọjà yóò ṣe wọ́n tó, ti èkejì ni yóò fi hàn bí iṣẹ́ yóò ṣe wọ́n tó, ti ẹ̀kẹta ni olùdókoòwò fi ń pinnu bóyá òun yóò dúró tàbí òun yóò kó ẹrù òun kúrò.